Ọ̀rọ̀ Méjìlá

Ọ̀dọ́kùnrin wẹ́dà kan da àpótí ìyá rẹ̀ dojú dé sórí ẹní. Ìró, gèlè àti tẹ̀sùbáà tú jáde, ṣùgbọ́n bébà tó ń wá ò sí níbẹ̀. Níta, ọlọ́kadà tó gbé e wá sí Ìtẹ̀lé ń tẹ fèrè.

"Màmá, bébà tí mo ní kí ẹ bá mi pamọ́ dà? Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń wáṣẹ́! Iléeṣẹ́ kan ní kí n mú sátífíkéètì mi wá lónìí, aago méjì ni wọ́n máa ti géètì wọn."

"Fóònù rẹ ńkọ́?"

"Tírélà gorí ẹ̀ ní Toll Gate lánàá, ó rún wómúwómú. Orúkọ mi, ìtẹ̀ka mi, gbogbo sátífíkéètì mi, orí blockchain, ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, ni wọ́n wà. Kò sólè tó lè jí wọn. Àmọ́ láìsí ọ̀rọ̀ méjìlá inú bébà yẹn tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, èmi gan-an ò lè ṣí i."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ìwọ lo ní ayé rẹ ló wà nínú ẹ̀, kí n fi síbi tí olè ò lè dé?"

"Èmi ni. Ibo lẹ fi sí?"

"Mo ṣe é bí Àfáà ṣe máa ń fọ hàǹtú, ọ̀rọ̀ Kùránì tó kọ sórí wàláà, fún wa mu. Mo rẹ ẹ́ sómi títí inki ẹ̀ fi ṣí kúrò, mo wá fi oyin sí i. O ò rántí omi tí mo ní kí o mu tán kí o tó máa lọ lọ́jọ́ tí o mú bébà náà wá? Ọkọ mi, fọkàn balẹ̀. Inú rẹ ló wà."

Ọlọ́kadà tún tẹ fèrè. Wẹ́dà náà rọra fi ahọ́n lá ètè rẹ̀, bóyá ọ̀kan nínú méjìlá ṣì kù síbẹ̀.