Ẹni Tó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Pẹjọ́

Ilé ẹ̀kọ́ òfin dá fọ́ọ̀mù Tàwàkálítù padà lẹ́ẹ̀kejì. Kírẹ́díìtì mẹ́rin ló ní. Márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà ló ń rán ní bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù Kókónọ́ọ̀tì, ìdí máṣíìnì yẹn náà ló ti kọ́ ara rẹ̀ níwèé.

Chiamaka, akọ̀wé tó ń gba fọ́ọ̀mù ní Àpápá, yí ìwé náà sí i.

"Mama, no vex. D7 ni lítíréṣọ̀ yín. Ìwé ìtàn lásán ni, ẹ lọ kà á, kẹ́ ẹ tún un ṣe."

"Kí ni ìtàn àròsọ fẹ́ wá ṣe nílé ẹjọ́?"

"Ṣé ẹ rò pé òótọ́ nìkan ni lọ́yà ń sọ ni?" Chiamaka rẹ́rìn-ín, ó tún wo fọ́ọ̀mù náà. "Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ, òdo lẹ kọ. Ṣebí ẹ sọ fún mi pé ọmọ yín ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe lọ́yà?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni ti òdo?"

"Bí wọ́n ṣe ní kí n máa kọ ọ́ nìyẹn."

Chiamaka mi orí. Àánú obìnrin náà ṣe é. Ó ní ní Sátidé, wọ́n máa ń fàyè gba àlejò kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

"Ṣé Báríísítà Adékànmí ló máa kọ́ wọn?"

"Òun ni. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti gbọ́ ọ rí níbi tó ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè."

Nígbà tó di Sátidé, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti búláòsì funfun bíi tàwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀, ó gba àárín àwọn tírélà tó tò kọjá, ó sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Adékànmí wọlé. Ó kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Adékànmí kì í ka ìwé sókè fún akẹ́kọ̀ọ́. Á sọ ẹjọ́ kan, á nàka sí ẹnì kan, onítọ̀hún á dìde dáhùn.

"Kọ̀ǹténà já bọ́ lórí tírélà," ó ní, "ó pa ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Obìnrin kan pe àwọn tó ni ọkọ̀ lẹ́jọ́. 'Ọmọ mi' ló kọ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́. Lọ́yà tó dúró fún àwọn ọlọ́kọ̀ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé òun ló bí i? Ó ní rárá, àbúrò òun ló bí i. Wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Godfrey, kí ni àṣìṣe obìnrin yìí?"

Godfrey dìde. "Yorùbá ni àṣìṣe ẹ̀, sà. Ọmọ aládùúgbò pàápàá, ọmọ mi ni wọ́n máa pè é."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Adékànmí náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kò burú. Òfin ò mọ ọmọ orí ahọ́n." Ó nàka sẹ́yìn. "Mà, àlejò wa, ẹ bá wa dá sí i. Ká ní ẹ̀yin ni lọ́yà obìnrin yẹn, kí lẹ̀ bá sọ?"

Tàwàkálítù dìde. Adékànmí ní kó fara balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé e.

"Ẹ̀yin lẹ bi mí lọ́jọ́ náà, sà," ó ní, "mo sì dáhùn, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi kú lórí ìkúnlẹ̀ ọmọ yẹn, Lùkúmọ̀n, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti gbà á, èmi náà ni mo fà á yọ lábẹ́ irin yẹn, torí náà ìyá wo lẹ fẹ́ kó wá pẹjọ́, ẹ dá mi lóhùn."