Delmus Tí Ó Dí Ọ̀nà Igbó

Delmus Pickering kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n anìkànjọpọ́n ni. Ohun tí gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí, òun nìkan ni ó ń fẹ́ máa lò ó. Ó tún ní agídí tí kì í jẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ parí kí ó tó dìde. Àbùkù méjèèjì yìí ni ó para pọ̀ ṣe é lọ́ṣẹ́.

Igbó ìjọba tí ó wà ní gúúsù Mississippi, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fẹ̀ lọ salalu, igi páìnì ni ó sì kún inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ni ó lè wọ ibẹ̀ lọ kí ó pàgọ́ síbi tí ó bá wù ú, láìsan kọ́bọ̀. Kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí iná. Ohun tí ènìyàn bá gbé wá ni yóò lò, ìdọ̀tí rẹ̀ ni yóò sì kó padà lọ sílé. Òfin ibẹ̀ kò ju pé kí ènìyàn má pẹ́ jù lójú kan, kí ẹnikẹ́ni má sì pe ibì kankan ní tirẹ̀.

Létí odò kékeré kan, níbi tí iyanrìn ti funfun, ni bàbá Delmus máa ń kó òun àti Hollis ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé. Nígbà tí ìyàwó Delmus kú, ó fi ilé sílẹ̀, ó lọ ń gbé inú àgọ́ níbẹ̀. Hollis bá a wí lójú àwọn ènìyàn pé ó ń ṣe bí wèrè. Ọ̀rọ̀ náà dun Delmus wọra. Ó búra pé òun kò ní tẹ ilé Hollis mọ́, àfi bí Hollis bá kọ́kọ́ wá bá òun nínú igbó. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí Delmus kò wo ọ̀nà, kí ó máa retí pé ẹ̀gbọ́n òun yóò yọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ni wọ́n ń yọ. Wọ́n á kó ọmọ, ajá àti rédíò wá ní òpin ọ̀sẹ̀, inú á sì bí Delmus. Ní ọjọ́ kan, ó fi ẹ̀wọ̀n so ìtì igi páìnì ńlá kan mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó wọ́ ọ dí ojú ọ̀nà. Bí ó bá fẹ́ jáde, á wọ́ ọ kúrò. Bí ó bá wọlé tán, á dá a padà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó gbé igi náà kúrò lẹ́ẹ̀kan, ó tún wá òmíràn.

Ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Earline, níbi tí ó ti máa ń ra yìnyín àti oúnjẹ, ìyá náà kò gbà fún un.

“Delmus, wọ́n ní o tún ti dí ọ̀nà.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Igi ló wó, Màmá.”

“Igi wó, ó wá fi ẹ̀wọ̀n wọ́ ara ẹ̀ dábùú ọ̀nà?”

Delmus rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ n sinmi jàre. Ariwo wọn ti pọ̀ jù.”

“Hollis ń béèrè ẹ o. Tó bá fẹ́ wá ńkọ́?”

Ọkàn Delmus fò, ṣùgbọ́n ó díbọ́n. “Hollis? Ó mọ ọ̀nà yẹn bí yàrá ara ẹ̀. Tó bá débi igi, kó fẹsẹ̀ rìn wọlé.”

“Ẹsẹ̀ wo? Jókòó kí n sọ fún ẹ—”

Delmus ti gbé yìnyín rẹ̀. Ó rò pé ìbáwí ni ó kù, ó sì jáde lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó ń se ẹ̀wà nígbà tí ó gbọ́ tí ọkọ̀ kan dúró nídìí igi. Wọ́n tẹ fèrè, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. “Wọ́n tún ti dé,” ni ó wí. Ó da omi sí iná kí wọ́n má baà rí ìmọ́lẹ̀, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnì kan ń pariwo láti ọ̀hún, ohùn náà há, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ikọ́ sì ń dá a dúró. Delmus fẹ́ dáhùn. Ó wá rò ó pé bí òun bá dá wọn lóhùn lónìí, wọ́n á tún wá lọ́la. Ọkọ̀ náà pẹ́ kí ó tó yí padà. Nígbà tí igbó dákẹ́ tán, Delmus jẹ ẹ̀wà tí kò jinná, àìlẹ́nìkan sì mú un ju ti ìgbàkigbà rí lọ.

Nígbà tí yìnyín rẹ̀ tán, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú Màmá Earline pọ́n.

“Kí ló dé tí o ò dá ẹ̀gbọ́n ẹ lóhùn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi wo?”

“Hollis. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni, kò lè rìn mọ́. Ó ní kí ọmọ òun gbé òun wá, pé òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tún jọ jókòó létí odò. Wọ́n tẹ fèrè títí. Hollis pè ẹ́ títí. Ọmọ ẹ̀ ò lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan nínú ọkọ̀ kó wọlé wá wá ẹ. Nígbà tí o ò dáhùn, ó ní, ‘Kò tíì dárí jì mí. Gbé mi lọ sílé.’ Àná la sin ín. Àwọn tó wá sọ fún ẹ, wọn ò mọ ibi tí àgọ́ ẹ wà, igi yẹn ló dá wọn padà.”

Delmus jáde láìra yìnyín. Ó padà sínú igbó, ó gé ìtì igi náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì gbá ọ̀nà mọ́ tónítóní. Láti ìgbà náà, iná ńlá ni ó ń dá ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ní títì, á dìde dúró. Ọkọ̀ náà á kọjá lọ. Àwọn ará ìlú ti bá ibòmíràn lọ, ẹni tí ó ń retí kò sì lè wá mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ má sọ ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn di tiyín nìkan. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà mọ́ àlejò ti dí i mọ́ ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìjà bá sì wà láàárín ẹ̀yin àti ọmọ ìyá yín, ẹ má jókòó kí ẹ máa retí pé òun ni yóò kọ́kọ́ wá. Ẹ dìde lọ bá a, nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì ń jáde.