Wáyà Tí A Fi Téèpù Pupa Wé

Láti ìgbà tí dẹ́kìn ti wó lu Bíríkìlà níbi iṣẹ́, ẹ̀yìn ló fi ń sùn, ẹ̀yìn náà ló sì fi ń jí. Dókítà ní kò gbọdọ̀ dìde títí egungun ìbàdí rẹ̀ yóò fi so pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ a lọ síbi tó ti ń ránṣọ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Àwọn tí wọ́n jọ ń po kọnkéré ò yọjú mọ́. Oníná nìkan ló ń wá, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí irùngbọ̀n wọn ò tíì hù.

"Ìgbà ìpọ́njú là ń mọ̀rẹ́," Bíríkìlà máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Oníná ló gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá. Ó fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ni kọ̀ǹpútà tó ti darúgbó lára. Ó ki káàdì tó ń gba tẹlifíṣọ̀n bọ inú rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀ríálì, ó sì kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ àṣẹ sí i. "Bíríkìlà" ló fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà.

"Kò sẹ́ni tó ń gbàgbé orúkọ ara ẹ̀," ló wí.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni Bíríkìlà fẹ́ wò. Lébìrà kan kú sábẹ́ dẹ́kìn yẹn, ìgbìmọ̀ kan sì fẹ́ wádìí ẹni tó ní kí wọ́n yọ igi tó gbé e dúró nígbà tí kọnkéré ò tíì gbẹ. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹnjiníà ló pàṣẹ. Bíríkìlà ní kí wọ́n má yọ ọ́, kọnkéré ṣì tutù. Oníná nìkan ló dúró tì wọ́n tó gbọ́ ọ. Ọ̀sán ni tẹlifíṣọ̀n yóò máa fi ìjókòó náà hàn.

"Tí wọ́n bá ti pè mí," ni Oníná wí, "bí etí ṣe gbọ́ ọ ni ẹnu máa sọ ọ́. Ìwọ ṣáà fọkàn balẹ̀."

Ọjọ́ tó ṣáájú ìjókòó àkọ́kọ́ ni tẹlifíṣọ̀n dákẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Oníná bọ́ bàtà iṣẹ́ tuntun sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ ti kọ̀ǹpútà. Ó tú ikùn rẹ̀, ó yọ káàdì, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀, ó dá a padà. Ó tẹ àṣẹ kan, ó tẹ òmíràn.

"Káàdì ò ní àìsàn," ló wí. "Dráífà ni kò sí. Ọkọ wà ńlé, ìyàwó wà ńlé, alárinà ni ò wá."

"Alárinà wo?"

"Dráífà. Òun ló gbọ́ èdè káàdì tó ń túmọ̀ ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Màá wá òmíràn."

Ìyàwó Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. "Tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ò rí wò, ẹ ti sọ ọ́ di ìgbéyàwó. Ṣé ká má kúkú gbé e lọ sílé ará iwájú, kó máa wo tiwọn?"

"Kí egungun tún yẹ̀?" Oníná gbójú sókè. "Ìyàwó wa, ẹ má dán an wò."

Ó ń wá nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Dráífà tuntun kọ̀, ti àtijọ́ náà kọ̀.

"Ṣé wọn ò tíì pè ọ́?" Bíríkìlà a bi í.

"Wọn ò tíì pè mí."

Lọ́jọ́ kan, ó ní iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ padà, wọ́n sì ti fi òun ṣe olórí àwọn oníná. Bíríkìlà gbàdúrà fún un títí. Oníná ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lọ. Kó tó lọ, ó yá ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí Bíríkìlà fi ń ròde. Ó ní àwọn ọ̀gá fẹ́ rí òun. Bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ti já. Ìyàwó Bíríkìlà bá a rán an. Òwú funfun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ará iwájú ò dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí i," ló wí bó ṣe ń gé òwú.

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre," ni Oníná wí. "Ọ̀rọ̀ èèyàn ò tán."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìdùbúlẹ̀ sú Bíríkìlà. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù sáyà, ó tẹ àṣẹ tí Oníná kọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé òun wá dráífà, òun ò rí i. Bíríkìlà wọ ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó dráífà pa mọ́ sí, ó ń ka orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ó rí i. Kò sọnù rárá. Ẹnì kan ló fi "pupa" kún ìdí orúkọ rẹ̀.

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi dùn ún. Ó mọ̀wà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Níbi iṣẹ́, wáyà tí Oníná ò bá fẹ́ kí iná gbà, kì í gé e sọnù. Á tú u, á fi téèpù pupa wé ẹnu rẹ̀, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní láti jẹ́ pé ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè dán òmíràn wò, ló bá gbàgbé. Ẹni tó dé fìlà tó tún ń wá fìlà!

Ó yọ "pupa" kúrò. Kọ̀ǹpútà béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó pa á, ó tún un tàn, ó sì ń ronú bí yóò ṣe fi Oníná ṣe yẹ̀yẹ́ nírọ̀lẹ́: alárinà ti dé o, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo tì í mọ́.

Àwòrán yọ, ìgbìmọ̀ jókòó, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, tí òwú funfun ń hàn níbi bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, sì ń sọ fún wọn pé bí òun ṣe ń sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni, etí òun ni ẹnjiníà ti ní kí wọ́n má yọ igi yẹn, tí Bíríkìlà sì kọ̀ tó yọ ọ́.