Aṣọ Pupa Inú Àbàtà

Aránṣọ ló mú àbá aṣọ pupa wá. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ èèyàn ló tẹ ẹyin fọ́ jù nínú àbàtà ẹ̀yìn àdúgbò. Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó wà níbẹ̀ kì í yé sórí igi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, láàárín koríko, ẹyin wọn sì jọ òkúta. Ó ní kí wọ́n ri igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn, kí ẹni tó ń kọjá lè yà.

Káfíńtà gé igi. Tíṣà kọ iye ìtẹ́ sínú ìwé. Aránṣọ gé aṣọ lára àjákù yunifọ́ọ̀mù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so gbogbo wọn.

Ogójì ìtẹ́ ni wọ́n so aṣọ sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ogún ti ṣófo.

Ọ̀gá ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá bá ìtẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lẹ́yin nínú, àbàtà di ti ẹyẹ títí láé. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àwọn oníyanrìn á dí i pa, wọ́n á kọ́lé lé e lórí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣọ́ àbàtà náà lóru, torí òru lolè ń jà. Wọn ò rí ẹnì kankan. Bílẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á jókòó sórí pákó létí omi, wọ́n á jẹ búrẹ́dì, wọ́n á mu tíì, kálukú á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kannakánná kan máa ń bà sórí òpó iná tó wà níbẹ̀, á máa wò wọ́n. Tíṣà a máa ju èérún búrẹ́dì sí i.

"Òun náà ti wọ ẹgbẹ́ wa," Tíṣà ní. "Kò pa ìpàdé jẹ rí."

"Ó sàn ju àwọn kan lọ," ni Aránṣọ fèsì.

Àbúrò rẹ̀ ló ń bá wí. Apẹja ni àbúrò náà, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan. Ẹgbẹ́ ti ní kó má gbé ọkọ̀ rẹ̀ gba àárín àbàtà mọ́ títí ẹyẹ á fi pamọ. Ó dìde nípàdé lọ́jọ́ náà.

"Ẹyẹ lẹ̀ ń tọ́jú. Èmi ńkọ́? Ṣé kí èmi náà lọ máa sàba ni?"

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, wọn ò kíra wọn mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti tú aṣọ méje lápá ìlà oòrùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìtẹ́ mẹ́rin ṣófo lápá ìwọ̀ oòrùn. Inú bí Aránṣọ débi pé ó fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nídìí ẹ̀rọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Káfíńtà sáré wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Àǹtí, ẹ dìde! Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́!"

Apẹja ni wọ́n bá nínú àbàtà, omi mù ún dé orúnkún, aṣọ pupa kún apá rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀," ló wí.

"Ìwọ! Ọmọ ìyá mi! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà lóòótọ́. O tú aṣọ kúrò ká má bàa mọ èyí tó o ti kó!"

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀—"

"Panu ẹ dé, olè!"

"Ẹ ò jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀ rí, láti kékeré!" ni Apẹja fèsì. "Ó dáa. Ẹ wá bá mi jókòó síbí láàárọ̀ ọ̀la, tẹ́ ẹ bá ti mu tíì yín tán. Ojú yín á rí i."

"Kí n jókòó ti olè?"

Káfíńtà mú àáké dání. Ó wo ojú Aránṣọ. Aránṣọ mi orí pé kó ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi àáké gé ìdí ọkọ̀ náà, omi sì wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ tí bàbá wọn fi tọ́ àwọn méjèèjì ni.

Apẹja yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó mú àjẹ̀ rẹ̀ nínú omi, ó gbé e kọ́ èjìká.

"Ó dàbọ̀, ìyá ẹyẹ," ló ní, ó sì lọ.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n dá aṣọ padà sí gbogbo ìtẹ́ mẹ́rìndínlógún tó kù. Ẹyin wà nínú gbogbo wọn, títí kan méje ọjọ́ Ajé. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"A mú un kó tó rí wọn kó," Tíṣà ní.

Aránṣọ gé aṣọ tuntun, ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó lè hàn láti òkèèrè. Kò sẹ́ni tó ṣọ́ àbàtà lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ti mú olè.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó wá àlùmọ́gàjí rẹ̀ títí, kò rí i. Ó rántí pé orí pákó létí omi lòun gbé e lé, ó sì padà lọ mú un. Oòrùn ti yọ dáadáa. Àlùmọ́gàjí náà wà níbẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí i, kannakánná sì fò kúrò lórí òpó, ó bà sídìí aṣọ pupa àkọ́kọ́, ó jẹ ẹyin ibẹ̀ tán, ó gbé orí sókè, ó ń wo àárín koríko títí ó fi rí aṣọ pupa kejì.