Sójà Tí Kò Ní Bẹ́líìtì

"Kò ní bẹ́líìtì!" Oníṣòwò ọmọlangidi àtijọ́ ń yí sójà oníke náà síwá sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ò pa dé mọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dà nìkan ni kò ní bẹ́líìtì, kí wọ́n tó pààrọ̀ mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń dà wọ́n. Ọ̀kan péré ló ní tẹ́lẹ̀, ó sì ti tọ́jú ẹ̀ síbi tí ìjà Warri ò lè dé.

"Níbo lo ti rí i?"

Jàǹdùkú tó mú un wá gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Pidgin ló fi dáhùn. "Na from one box, for one house wey we break. As I carry this one comot, one mama lie down on top the box. She dey shout say na her pikin get am."

Oníṣòwò bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ẹ̀ á ra òmíìn. Wọ́ ọ kúrò níbẹ̀, kó o gbé àpótí yẹn wá fún mi."

Kò pẹ́ tí jàǹdùkú fi gbé àpótí náà dé. Ojú oníṣòwò lọ sára àdìrẹ tí wọ́n fi dì í. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àdìrẹ yẹn di àpótí náà, lọ́jọ́ tó gbé e fún ìyá rẹ̀ ní Ubeji, lẹ́bàá Warri, tó ní: "Màámi, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án o."

Ẹ̀jẹ̀ ara àdìrẹ náà ò tíì gbẹ.