Irúgbìn Bàbá Lórí Páànù Gbígbóná

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó pín in, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbà pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ yín níṣẹ́ yín.

1.
Ẹ̀wà ni Ìsíátù, ìyá Fàthíà, ń tà ní Ṣógúnlé. Kòkòrò kì í wà nínú ẹ̀wà rẹ̀, ohun tó sì fi ń yangàn nìyẹn. Bí oòrùn bá mú, á da ẹ̀wà sórí páànù òrùlé ìsọ̀ rẹ̀, á fi ọ̀rá dúdú bò ó, ooru á pa kòkòrò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbúrò rẹ̀, Súbérù, gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá láti Ìsẹ́yìn. Ìjì ti ṣí òrùlé abà rẹ̀. Irúgbìn ẹ̀wà tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà, tí wọ́n pò mọ́ eérú kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé e síbi tó tutù títí òjò á fi rọ̀. Ẹ má sá a o."

Ìsíátù bú sẹ́rìn-ín. "Èmi lo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà? Máa lọlé jàre."

2.
Súbérù ò tíì délé tí Ìsíátù fi ṣí kẹ́ẹ̀gì. Ó rí kòkòrò kan ṣoṣo. Ó fẹ́ eérú dànù, ó da irúgbìn sórí páànù, ó fi ọ̀rá bò ó. Lójoojúmọ́ ló ń sá a láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Tiwaladé, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí Súbérù sọ, ní, "Ìyá Fàthíà, ṣebí àbúrò yín ní kí ẹ má sá a?"

"Gbájú mọ́ máṣíìnì ẹ. Ẹ̀wà ni gbogbo ẹ̀wà!"

Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Èyí tí a ó sè kò kọ ooru, àmọ́ irúgbìn ní ẹ̀mí. Ilẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń jẹ́ kó hù. Ooru àpọ̀jù ń pa á, ojú lásán ò sì lè mọ̀ pé ó ti kú.

3.
Òjò rọ̀. Súbérù wá gbé irúgbìn rẹ̀, ó rí i tó ń dán, ó dúpẹ́ títí. Ó gbìn ín. Ẹ̀wà àwọn aládùúgbò hù, oko tirẹ̀ ṣófo. Nígbà tó fọwọ́ tú ilẹ̀, ó rí i tó wú, tó ti ń rà.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo kàn sá a ni... nítorí kòkòrò..."

Súbérù bú sẹ́kún lórí fóònù. Ọkùnrin tó ti bímọ! "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí Bàbá fi sílẹ̀ ti tán nìyẹn."

Ó wá irú rẹ̀ káàkiri, kò rí. Ní ọdún Iléyá, kò wá kí Ìsíátù. Ìwọ̀nba èyí tí kò gbìn ló fi rán dírẹ́bà sí i: "Ẹ ní kí wọ́n sè é jẹ." Ìsíátù sè é. Bó ṣe fi kan ẹnu, adùn ìgbà èwe rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ ló tọ́ wò. Ó gbé àwo náà sílẹ̀, ó pe Súbérù láti bẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbọ́ o! Bí wọ́n bá fi nǹkan sí yín lọ́wọ́, bí olóhun ṣe ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Ẹ gbé irúgbìn jìnnà sí ooru. Ẹ má sì jẹ́ kí ìgbéraga ba ohun tí owó kò lè rà padà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ìsíátù ti bẹ àbúrò rẹ̀ títí, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kò lè mú irúgbìn tó ti kú hù.