Àlejò Tó Wá Gba Ipò Mi

Kóòṣì ní kí n mú Colter, ọmọ girama tí a fẹ́ kó wá bá wa ṣeré, àti ìyá rẹ̀ rìn yíká yunifásítì wa lónìí.

Kọ́tábáàkì ni Colter, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Kọ́tábáàkì lèmi náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń bọ́ sí pápá láti ju bọ́ọ̀lù.

Àwọn méjì tó yẹ kó máa rọ́pò mi ti lọ sí yunifásítì mìíràn, torí wọn ò fẹ́ jókòó máa wò mí.

Mò ń gbàdúrà sínú: Olúwa, jẹ́ kí ọmọ yìí gbà láti wá.

Mo na ọwọ́ òsì sí ìyá rẹ̀.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Kánsásì nìyí?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rá ẹran sísun ló kún ọ̀tún."

Colter gbé bọ́ọ̀lù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ju ẹyọ kan, kí n rí ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín."

"Ìwọ la fẹ́ wò. Jù ú."

Ó jù ú. Ó kọjá ìdajì pápá.

Ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Lọ́la, a ń lọ wo yunifásítì mìíràn. Ọdún méjì ló kù fún ọ níbí. Ṣé kí ọmọ mi wá máa bá ọ gbé omi ni?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Kóòṣì jìnnà sí wa.

Mo gbìyànjú láti gbé apá ọ̀tún mi sókè lójú rẹ̀. Kò kọjá ìbàdí.

"Láti ìgbà eré Sátidé ni, mà."

"Ta ló mọ̀?"

"Ọlọ́run. Ẹ̀yin ni ẹnì kejì."

Ó mú ọwọ́ ọ̀tún tí mi ò fi kí i, ó rọra bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Colter," ó pè, "pe àwọn tó ń retí wa lọ́la. Sọ fún wọn pé a ò wá mọ́."